Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ Ni Mo Purọ́ Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi dáadáa, mi ò ní bínú. Àwọn tó dáràn jù mí lọ pọ̀ nílé ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ọmọ ọmọ mi sì ni.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọmọkùnrin mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Dírẹ́bà ọkọ̀ akérò ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, bí ọjọ́ orí wọn sì ṣe rí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ rèé: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìbejì ọmọ ọdún mẹ́ta tí ariwo àwọn méjèèjì tó ti ènìyàn mẹ́wàá.

Yàrá mẹ́ta ni ilé náà ní. Ọkọ àti ìyàwó wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ márààrún há sínú ọ̀kan bí ìṣó inú agolo, èmi nìkan ni mo ni ẹ̀kẹta.

Èmi àti ìyàwó ọmọ mi kò rẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ìyá Ìbejì ni mo ń pè é. Ó ní mo ń lu àwọn ọmọ òun. Mo ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá nà ni yóò na ìyá rẹ̀. Ó ní ẹnu mi ń ba ọmọ jẹ́. Mo ní ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀. Báyìí la ṣe ń kí ara wa láràárọ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ta ló kó ọmọ yìí níkòó lórí?"

"Ìyá Ìbejì, káàárọ̀. Bi orí rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe."

Ọmọkùnrin mi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì wọlé ní aago méjì ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀ máa ń jáde ní aago kan ọ̀sán, ọkọ rẹ̀ á sì ti sùn kó tó dé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n jọ ń wà nílé. Dírẹ́bà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kò fẹ́ rí i lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ìbejì wá ní kí n kan pátákó kan fún òun.

Mo kàn án. Mo fá ojú rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀, mo kùn ún ní dúdú, mo gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ní ọ̀kánkán àga mi. Orí pátákó yìí ni ọkọ àti ìyàwó ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: ọmọ tó ti lo oògùn, èyí tí kò tíì wẹ̀, ẹni tí yóò ra ọṣẹ bọ̀. Àwọn ọmọ ń ka iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri.

Mi ò mọ̀wé. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ mi. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí ó fi kú, ọmọ mi bẹ̀ mí, mo kọ̀. "Ìwé kì í kan ìṣó," ni èsì mi. Mo sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn fi kó o lọ sílé ìwé. Olùkọ́ bi í pé kí ló dé tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe wá láti ilé, ó ní, "Ìwé kì í kan ìṣó, mà." Ìyá rẹ̀ bá mi wí fún ọjọ́ mẹ́ta lórí ìyẹn.

Láàárín aago kan sí aago méjì, èmi àti ìbejì tó ń sùn nìkan la máa ń wà nílé. Wákàtí yẹn gùn. Lọ́jọ́ kan mo mú ìwé kíkà ọmọ ọdún mẹ́fà náà wò. Ní alaalẹ́ ló máa ń fi ohùn rara kà á, gbogbo rẹ̀ ti há sí mi lórí láìmọ̀. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lórí mi, mo ń fi ìka tọ́ ọ lórí ìwé bí ẹni ń tọ ìlà lójú pákó. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà fún mi rí.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń pariwo pé ìwé kò wúlò. Ṣé kí n wá jókòó kí ọmọ ọdún mẹ́fà máa pàtẹ́wọ́ fún mi ni?

Ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kà lórí pátákó ni: "Má fi iyọ̀ sí ti Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga." Ọwọ́ Ìyá Ìbejì ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú àkísà, mo nù ún kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọkùnrin mi fi iyọ̀ sí oúnjẹ mi. Ó dùn. Mo lá ọwọ́ mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá jí iyọ̀ jẹ tí ilẹ̀ kò gbé e mì, yóò padà wá fún ẹran.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ka èyí tó gbọ̀n mí jìgìjìgì: "Jẹ́ kí Bàbá lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọkùnrin yóò gba yàrá yẹn. Ìwọ ni kó o sọ fún wọn." Ọmọkùnrin mi ti kọ èsì sábẹ́ rẹ̀: "Jẹ́ kí n rò ó ná."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ni àkọ́bí mi, obìnrin. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí èmi àti télọ̀ náà kò ti bára wa sọ̀rọ̀, nítorí ó ní ibùsùn tí mo kàn fún wọn nígbà ìgbéyàwó ń ké bí ewúrẹ́. Ṣé abẹ́ òrùlé ọkùnrin yẹn ni kí n ti wá máa jí láràárọ̀?

Mo wo "jẹ́ kí n rò ó ná" náà títí. Òun nìkan ló di yàrá mi mú. Mo sọ fún ara mi pé bí àwọn méjèèjì bá ṣọ̀kan, mo ti di ará ilé télọ̀ nìyẹn. Bí wọn kò bá ṣọ̀kan, mo wà níbi tí mo wà.

Mo wá rí i pé wọn kò gbọdọ̀ ṣọ̀kan.

Ìyá Ìbejì kọ ọ́ pé kí ọkọ òun gbé àwọn ìbejì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní aago mẹ́ta. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó jáde tí mo fi nù ún. Ọjọ́ Àìkú dé, ìyàwó gbé káàdì abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níwájú ọkọ.

"Kí ló dé tó ò gbé wọn lọ?"

"Lọ síbo?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà."

"O ò kọ nǹkan kan."

"Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"Ẹnu mi kọ́ lo ti gbọ́ ọ o."

Èmi jókòó sórí àga mi, mo ń pọ́n ayùn. Àwọn ọmọ ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn.

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Mo tún ṣe é. Mo nu ti ọṣẹ, mo nu ti owó ilé ìwé, mo nu ti ìpàdé òbí. Nígbà tó yá, nínù kò tó mi mọ́. Ọmọkùnrin mi máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá ńlá tó dúró ṣánṣán. Ta ni kò lè ṣe irú rẹ̀? Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wo ohun tí ẹlòmíràn ṣe kí n tó ṣe tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó ti sùn tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì dé, mo kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún un: "Ó ti sú mi."

Ìyàwó rí i. Ó nù ún kúrò. Kò tún kọ nǹkan kan sórí pátákó mọ́ ju orúkọ oògùn lọ.

Ilé náà tutù bí ojú ààrò tí wọ́n ti pa iná rẹ̀. Ọkọ ń jẹun ní kíṣìnnì lórí ìdúró. Ọmọ ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ọmọ ọdún mẹ́fà wá bá mi.

"Bàbá Àgbà, ṣé Mọ́mì fẹ́ lọ ni?"

"Lọ síbo? Lọ ṣeré."

"Tí Mọ́mì bá lọ, ta ló máa máa wẹ̀ fún wa?"

"Mo ní lọ ṣeré."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ yàrá mi mọ́. Mo ń borí. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí: inú mi ń dùn.

Mo ní láti sọ nípa ọmọ ọdún mẹ́jọ náà báyìí. Lọ́yà ni gbogbo ilé ń pè é, èmi ni mo sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí o bá ní kó lọ sùn, yóò bi ọ́ pé aago mélòó ló lù, ta ló pàṣẹ, àti pé ṣé gbogbo ènìyàn ló ń sùn àbí òun nìkan. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló máa ń jókòó tì mí bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Á máa gba èérún pákó sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á ní òun fẹ́ mọ iye tó máa kún ọwọ́.

Ní Ọjọ́rú kan, mo dìde lẹ́yìn tí ìyá wọn jáde, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ìyàwó ni mo fẹ́ kọ, lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ ọ́ pé: "Tó o bá jẹ́ ọkùnrin, wàá ti sọ fún bàbá rẹ."

Mo ń fa ìlà tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ìró bàtà. Lọ́yà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe nílé?"

"Inú ń run mí. Olùkọ́ ní kí n máa bọ̀." Ó wo pátákó, ó wò mí. "Bàbá Àgbà, ẹ mọ̀wé?"

"Ìwé wo? Mo ń nu eruku ni."

"Ṣọ́ọ̀kì ló wà lọ́wọ́ yín."

"Ẹni tí inú ń run kì í rojọ́. Wọlé lọ sùn."

Ó wọlé. Àkísà wà lọ́wọ́ òsì mi. Mo lè fà á kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Mo dúró. Mo ronú nípa télọ̀. Mo gbé àkísà sílẹ̀, mo lọ jókòó. Ọmọkùnrin mi wọlé, ó kà á, ó sì nù ún.

Ọjọ́ Àìkú yẹn, ọmọkùnrin mi kò jẹ́ kí a jẹun àárọ̀ tán.

"Èmi kì í ṣe ọkùnrin, àbí?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ lo fi kọ ọ́."

"Ọwọ́ mi yìí? Ìwọ tó o kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ ńkọ́?"

"Èmi? Mi ò kọ irú ẹ̀ rí láyé mi."

"O kọ ọ́."

"Mo ní mi ò kọ ọ́."

Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà. Ọmọkùnrin mi wo pátákó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ. Kì í ṣe èmi. Ta wá ni? Àbí Bàbá ni?"

Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù kan tí mi ò ti rí eyín rẹ̀. Ọmọkùnrin mi náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ gbé òòlù wá, kí n kọ ọ̀kan sí i."

Ó wá ku àwọn ọmọ méjì tó lè kọ̀wé já gaara. Wọ́n pe àwọn méjèèjì síwájú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ń sunkún kí wọ́n tó bi í. Lọ́yà kò sunkún.

"Bàbá Àgbà ni," ó wí. "Mo rí wọn."

"O rí wọn pé wọ́n ń ṣe kí ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí inú run mí. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ wọn."

"Bàbá rẹ àgbà kò mọ ewé ata yàtọ̀ sí lẹ́tà," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìwọ lo kọ ọ́, o wá ń fi àgbàlagbà bojú."

"Èmi kọ́. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo wọn wò mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo ti tà á nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Lọ́yà," mo wí, "kí ni mo fi ṣe ọ́, tó o fi ń purọ́ mọ́ mi?"

Ó la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n fi rúlà nà án mẹ́fà ní àtẹ́lẹwọ́ nítorí ó kọ ọ́, wọ́n tún nà án mẹ́fà nítorí ó purọ́ mọ́ àgbà. Ilé ìwé wọn fẹ́ kó wọn lọ wo ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ka ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ní kò ní lọ. Bàbá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ níwájú mi kó bẹ̀ mí.

Ó kúnlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wú. "Ẹ má bínú, Bàbá Àgbà. Mo purọ́ mọ́ yín."

Ojú mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Mo ti dárí jì ọ́," mo wí. "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ọkọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Mo pè é pé kó wá gba èérún pákó. Kò wá. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, ìkíni nìkan ló ń bá mi sọ: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ó dàárọ̀, sà." Kò pè mí ní Bàbá Àgbà mọ́.

Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni àṣírí tú.

À ń múra àtijáde. Gbogbo wa wà ní pálọ̀. Ìyá Ìbejì kọ ẹ̀yìn sí pátákó, ó ń ya irun ọ̀kan nínú àwọn ìbejì. Ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kun bàtà àwọn ọmọ. Èmi jókòó sórí àga mi, mo ti wọ bàtà ẹsẹ̀ òsì, tọ̀tún wà nílẹ̀ níwájú mi.

Lọ́yà dìde jẹ́ẹ́jẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ nǹkan sórí pátákó ní lẹ́tà gbàǹgbà, ó padà lọ jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan.

Mo gbójú sókè. Ohun tó kọ rèé: "Àkekèé wà nínú bàtà Bàbá Àgbà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Mi ò ronú. Ara mi ló ṣe é. Mo ta bàtà náà nípàá, ó fò kọjá lórí ọmọkùnrin mi, ó lọ gbá ilẹ̀kùn. Mo ti gun orí àga kí n tó mọ̀.

"Bàbá, kí ló dé?" ọmọkùnrin mi pariwo.

"Àkekèé. Ó wà nínú bàtà."

"Ẹ rí i?"

"Ó wà níbẹ̀, mo ní."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá gbé bàtà náà, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju èérún pákó lọ.

"Dádì," Lọ́yà wí, kò gbé ohùn sókè, "ẹ bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn."

Mo ní, "Mo gbọ́ tó ń rìn."

"Ẹ ò tíì fọwọ́ kan bàtà ọ̀tún," Lọ́yà wí. "Ẹ ò tíì fẹsẹ̀ kàn án. Ó jìnnà sí yín díẹ̀. Àkekèé kì í pariwo."

Ó nawọ́ sí pátákó. Gbogbo wọn yíjú. Wọ́n kà á. Orí àga ni mo ṣì wà, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. "Bàbá Àgbà mọ̀wé," ó wí, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ẹlòmíràn kò pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìbejì gbé kóòmù sílẹ̀. Kò wò mí. Ó lọ síwájú Lọ́yà, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, bí ẹni pé egbò ṣì wà níbẹ̀.

"Òtítọ́ lo sọ fún mi," ó wí. "Mo nà ọ́ lórí òtítọ́. Má bínú sí mi."

"Mo sọ fún yín," Lọ́yà wí. Ìgbà náà ló tó sunkún.

Ọmọkùnrin mi ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ti abẹ́rẹ́ àwọn ìbejì?"

Mo tẹrí ba.

"Ti 'ó ti sú mi'?"

Mi ò dáhùn.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí mi wàyí. Mo ti bá obìnrin yẹn jà fún ọdún mẹ́ta, mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò le, kò rọ̀.

"Bàbá, mo ti fẹ́ máa kó aṣọ mi lọ. Ṣé ẹ mọ̀? Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ nípa yàrá kan. Èmi àti ọmọ márùn-ún. Ẹ̀ bá wá jókòó níbí, kí ẹ máa gbádùn yàrá yín."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lé mi jáde," mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, a fẹ́ kí ẹ lọ. Ọmọ márùn-ún ló ń sùn lórí ara wọn. Ẹ̀ bá bá wa jà lórí ìyẹn, àgbà ni yín, ẹ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ yìí lórí ìkúnlẹ̀, ẹ ní ẹ ti dárí jì í."

Ó fa Lọ́yà wá síwájú mi.

"Ẹ gbọ́," ó wí. "Mi ò gba yàrá yẹn mọ́. Tiyín ni, ẹ máa sùn níbẹ̀ títí ayé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ bẹ ọmọ yìí bó ṣe bẹ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹ̀yin lẹ purọ́."

Ẹ ò rí i bí? Ohun tí mo torí rẹ̀ da ilé rú, ó nà án sí mi lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ló ń gbà.

Mo wo ọmọkùnrin mi. Mo rò pé yóò ní kí ìyàwó òun dákẹ́, pé a kì í ní kí bàbá bẹ ọmọ.

"Bàbá," ó wí, "ọ̀rọ̀ kan ni."

Mo wo Lọ́yà. Ó ti nu ojú rẹ̀. Ó ń dúró. Bí ó bá yájú sí mi, bóyá ì bá rọrùn fún mi. Kò yájú. Ó kàn ń retí ohun tó tọ́ sí i.

Mo ronú pé bí mo bá bẹ ọmọ ọdún mẹ́jọ lónìí, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi nínú ilé yìí lọ́la? Àwọn ìbejì gan-an á máa fi mí ṣẹ̀sín. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Èmi ò ní bẹ ọmọdé."

"Ó dáa," Ìyá Ìbejì wí. Ó padà lọ mú kóòmù rẹ̀.

Ọwọ́ mi ni mo fi di ẹrù mi. Ayùn, ìfági, òòlù, aṣọ díẹ̀. Ọmọkùnrin mi gbé e lọ sínú ọkọ̀. Lọ́yà ló ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Mo dúró síwájú rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi.

"Ó dàbọ̀, sà," ó wí.

Mo kọjá.

Ilé télọ̀ ni mo wà báyìí. Ọjọ́ tí mo dé, ó dìde, ó fún mi lága, ó gbé ìwé ìròyìn lé mi lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó wí. "A gbọ́ pé ẹ ti mọ̀wé. Ẹ kà á fún wa." Láràárọ̀ ló ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa lórí ibùsùn tí mo kàn. Ó ń ké bí ewúrẹ́ lóòótọ́.

Àwọn ọmọkùnrin ti gba yàrá mi. Ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù, ó ń fún àwọn ọmọ kí wọ́n kí mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń ka ìwé sí mi létí. Bí mo bá béèrè Lọ́yà, wọ́n á ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

Àwọn tí ẹ jẹ́ àgbà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ ti gbọ́ ọ pé a kì í bẹ ọmọdé. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo ibi tó gbé mi dé. Ẹni tó ń ṣagbe lójú títì gan-an, ojú rẹ̀ kò já wálẹ̀ tó tèmi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà sí ọmọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á ya, nítorí pé nínú gbogbo wọn, mo ń ṣàlàyé yàrá, mo ń ṣàlàyé télọ̀, mo ń ṣàlàyé iyọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń ra ìwé ìròyìn yìí. Lọ́yà ló sì máa ń kà á tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí, lójú gbogbo ènìyàn, bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kí n ṣe é.

Lọ́yà, ìwọ kọ́ lo kọ ọ́. O rí mi, o sọ ohun tó o rí, mo jẹ́ kí wọ́n nà ọ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Tó o bá kọ̀, o jàre.